Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Mi Bọ́ Aṣọ Ológun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà ní Ìsẹ́yìn ní àìmọye ìgbà. Mo ti kọ ọ́ sí ojú pátákó, mo ti túmọ̀ rẹ̀, mo ti bi wọ́n ní ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìtumọ̀ rẹ̀ kò wọ̀ mí lára àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, tí ó padà wá sí ilé ní Ṣakí.

Ní ọdún 1996 ni ẹ̀gbọ́n mi wọ iṣẹ́ ológun. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó wà lára àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí a rán lọ pẹ̀tù sí ogun ilẹ̀ Sàró, ó sì wà ní Freetown ní oṣù kìíní ọdún 1999, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ ìlú náà. Lẹ́yìn èyí ó dé ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa, níbi tí ogun Boko Haram ti ń jà. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ń ka ìwé lábẹ́lẹ̀, títí ó fi gba oyè àkọ́kọ́ ní National Open University. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2017, ipò sájẹ́ńtì ni ó wà, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlélógún. Ó ti lo oṣù mẹ́fà ní ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ológun tí ó fẹ́ fẹ̀yìn tì ní iṣẹ́ ọwọ́ ní Òṣòdì, ní Èkó. Ó bọ́ aṣọ ológun, ó ká a wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó kó o sínú àpótí onírin kan, ó sì ti àpótí náà sí abẹ́ ibùsùn.

Ní ọjọ́ kẹta tí ó dé, àwọn mọ̀lẹ́bí péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá wa. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé owó gírátúítì ń bọ̀. Ẹnì kan ní kí ó ra ọkọ̀ akérò méjì; ẹnì kan ní kí ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀bá ọ̀nà; ẹnì kan tilẹ̀ ní kí ó fẹ́ ìyàwó kejì. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ tiwa tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun. Òwò ni mo fẹ́ ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ni mo fẹ́ kọ́kọ́ padà sí.”

Ẹ̀rín pa wá. Èmi ni mo là á mọ́lẹ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pé ọdún mọ́kànlélógójì. Ṣé ìwé ni ẹ ó máa jẹ ni?” Ẹ̀rín tèmi ni ó dún jù. Ohun tí n kò sọ síta ni pé mo ti ń fi ojú inú wo bọ́ọ̀sì kan tí yóò máa ná Ìbàdàn láti Ìsẹ́yìn, tí èmi yóò máa gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí n ó sì máa fi díẹ̀ níbẹ̀ san owó ẹ̀kọ́ díplómà tèmi. Ìmọ̀ràn tí mo fún un kì í ṣe nítorí rẹ̀ rárá. Ìtìjú ni ó jẹ́ fún mi láti kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bínú. Ó kàn rán wa létí ẹ̀gbọ́n ìyá wa. Bàbá yìí ja ogun abẹ́lé láti 1967 títí di 1970. Nígbà tí ogun náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọmọ ogun ilẹ̀ wa kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Nígbà tí ó fi parí, wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000. Àwọn tí ó gbé ìbọn nítorí ogun pọ̀ ju iṣẹ́ tí ó kù fún wọn lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì padà sí ilé ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Owó tí bàbá náà gbà ni ó fi ra lọ́rì kan. Ó ń pàṣẹ fún awakọ̀ bí ẹni ń pàṣẹ fún ọmọ ogun. Awakọ̀ ń dá a lóhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ó sì ń kó owó rẹ̀ jẹ. Bàbá kò béèrè iye epo tí ọkọ̀ ń mu, kò béèrè iye tí àwọn onílọ́rì yòókù ń gbà láti Ṣakí dé Ìbàdàn. Kò tó ọdún mẹ́rin tí lọ́rì náà fi di ibi tí adìyẹ ń yé sí ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí a gbọ́njú, ohun tí ó kù fún bàbá náà ni kí ó jókòó sí abẹ́ igi, kí ó máa sọ ìtàn ogun fún wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Bàbá mọ ogun í jà, ogun nìkan ni wọ́n sì mọ̀. Èmi náà, ogun nìkan ni mo mọ̀.” Kò sí ẹni tí ó tún rẹ́rìn-ín.

Bí a bá fi ojú ìtàn wò ó, ohun tí jagunjagun yóò ṣe nígbà tí ogun bá parí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, túká ní 1893, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ni ó di dandan fún láti yíjú sí oko àti òwò. Ní ayé tiwa, àwọn ọ̀gágun kan wà tí gbogbo ènìyàn mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Ọ̀gágun Yakubu Gowon ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1975, kò wọ ọjà. Ilé-ìwé ni ó wọ̀. Ó lọ sí Yunifásítì Warwick ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó jókòó láàárín àwọn ọmọ tí ó lè bí, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣèlú títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Mobolaji Johnson, tí ó ṣe gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1967 sí 1975, di ọ̀kan nínú àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ Julius Berger. Ọ̀gágun Theophilus Danjuma fẹ̀yìn tì ní 1979, ó sì wọ òwò ọkọ̀ ojú omi. Ní ọdún 1979 yìí kan náà ni Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìjọba fún alágbádá, tí ó gba oko lọ ní Ọ̀tà. Nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní 2018, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní National Open University kan náà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀gágun ni àwọn wọ̀nyí. Ẹni tí ó ti ṣe gómìnà tàbí olórí ìjọba, kì í pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún un. Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún sájẹ́ńtì? Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kan wà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 1944, kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí, tí ó ní kí ìjọba máa san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ogun tí ó bá padà bọ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àti igba ẹgbẹ̀rún nínú wọn ni ó ti ara rẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Owó ara rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi fi san tirẹ̀. Ó pín gírátúítì rẹ̀ sí mẹ́ta: apá kan fún òrùlé ilé, apá kan fún ilé-ìwé, apá kẹta ni ó fi pamọ́ fún òwò tí kò tíì mọ ohun tí yóò jẹ́. Nígbà tí ó di 2018, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso okòwò, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní MBA.

Ní ìparí ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ní kí olúkúlùkù ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Òwò òrí ni ẹ̀gbọ́n mi mú, nítorí pé òrí kò jìnnà sí wa. Igi rẹ̀ wà káàkiri pápá Òkè-Ògùn, láti ìhà Ìsẹ́yìn títí dé ẹnu ibodè ilẹ̀ Benin. Ó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Ṣakí, ó kọ orí mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ìjábọ̀ tí ọmọ ogun ń kọ sí ọ̀gá rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ń bójú tó iṣẹ́ náà dá ìwé rẹ̀ padà, ó sì kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí orí rẹ̀: níbo ni àwọn obìnrin tí ń ṣe òrí wà nínú ohun tí o kọ yìí?

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé e wá sọ́dọ̀ mi ní Ìsẹ́yìn. Ó ti kọ ìbéèrè méjìlélógún sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fẹ́ kí n sọ wọ́n di Yorùbá. Inú mi dùn. Mo ní iṣẹ́ mi nìyí. Mo gbé àwọn ìwé mi sílẹ̀, mo fi gbogbo agbára mi túmọ̀ wọn, mo rí i pé àmì ohùn kò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tí a ti ilé-ìwé pa fún ìsinmi, mo tẹ̀ lé e lọ sí abúlé kan ní ẹ̀yìn Ṣakí láti lọ ka àwọn ìbéèrè náà.

Àwọn obìnrin bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a bá ní abẹ́ àtíbàbà, olúkúlùkù pẹ̀lú ọpọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró gbagidi níwájú wọn, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó kí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀: “Orúkọ yín? Ọdún mélòó ni ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí?” Wọ́n ń wo bàtà rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Mo rò pé èdè mi ni yóò là wá, mo bá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, mo ka ìbéèrè kẹta sókè pé, “Ẹ̀yin ìyá mi, èló ni owó ìdókòwò yín?”

Ìyá àgbà kan tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan gbójú sókè. Ó ní, “Owó kín ni ìyẹn? Ṣé owó orí ni?”

Mo ní, “Rárá, Màmá. Kì í ṣe owó orí.” Mo fò ó, mo bọ́ sí òmíràn: “Ṣé ẹ máa ń fún àwọn òǹrajà ní ẹ̀yáwó?”

Ó wò mí títí. Ó ní, “Tíṣà, ta ni í yá ẹni tí ó wá ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ lówó? Àbí àwìn ni ò ń sọ?”

Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí dé ẹ̀yìn ọrùn. Àwìn! Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi ń fi ra iyọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó ti wà ní ọjà láti ayé àwọn tí ń gba ìbọn lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán Aníwúrà láìsanwó, títí dé ayé àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tí ń lóṣòó ti ajigbèsè kí wọ́n tó rí owó aṣọ gbà. Mo mọ gbogbo ìtàn wọ̀nyí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwọn ìtàn náà. Síbẹ̀, nígbà tí ó kàn mí láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ìwé ni mo bá wọn sọ. Ìyá náà ní èyí tí mo pè ní owó ìdókòwò ń kọ́, “Ojú owó ni à ń pè é níbí. Bí ọjà kò bá pé ojú owó, o ti jẹ gbèsè nìyẹn. Bí o bá tà á ní ojú owó, o kàn sín ọjà náà ká ni. Èyí tí ó bá lé ni èrè.” Nínú gbólóhùn mẹ́ta ni ó ti kọ́ni ní ohun tí èmi ìbá fi ojú ìwé méjì ṣàlàyé.

Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, “Ṣọ́jà, jókòó. Ẹni tí ó bá nàró kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń pò òrí. Bọ́ bàtà rẹ, kí o wá bá wa pò ó.”

Mo rò pé yóò bínú. Ẹ̀gbọ́n mi tú okùn bàtà rẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó kúnlẹ̀ ti ọpọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ni a lò níbẹ̀. Iṣẹ́ òrí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ní ìgbà òjò ni èso rẹ̀ ń já bọ́. Àwọn obìnrin á ti jí lọ ṣà á kí oòrùn tó mú. Wọn á bó ara rẹ̀ kúrò, wọn á se kóró rẹ̀, wọn á sá a, wọn á fọ́ ọ, wọn á yan án, wọn á lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn á fi omi pò ó, wọn á máa pò ó títí apá á fi fẹ́ já, títí ọ̀rá á fi funfun tí á léfòó. Ìgbà náà ni wọn á tún gbé e kaná kí ó lè mọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi ti ń pò ó ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n. Wọ́n ní kóró ni àwọn máa ń tà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn kì í dúró sọ ọ́ di òrí, nítorí pé owó ilé-ìwé àwọn ọmọ kì í dúró de òrí. Wọ́n ní àwọn alágbàtà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá nígbà tí ọjà bá pọ̀ tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè, wọ́n dáhùn. Àwọn náà béèrè nípa Sàró lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ fún wọn ohun tí kò sọ fún wa rí ní ilé.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo bi í léèrè bí ó ṣe rọrùn fún un láti kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Àbúrò, ní bárékè, bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é. Ní ọjà, kò sí ẹni tí ó jẹ mí ní ìgbọràn. Bí n kò bá kọ́ bí a ti ń béèrè, bí ti bàbá onílọ́rì ni yóò rí.” N kò lè fèsì. Mo rí i pé èmi náà, ní iwájú pátákó, bárékè ni mo sọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ dà. Mo máa ń béèrè ohun tí mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀, bí ọmọ bá sì dáhùn lọ́nà mìíràn, mo fa igi pupa sí i.

Àrùn Kòrónà dá iṣẹ́ náà dúró ní 2020, ṣùgbọ́n ó parí rẹ̀, ó sì gba oyè náà. Ní 2021 ni ó bẹ̀rẹ̀ òwò. Ó fi apá kẹta owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìlọta kan tí àwọn obìnrin náà yóò máa lò. Ó bá wọn ṣe àdéhùn pé òun yóò san ìdajì owó òrí fún wọn ní ìgbà tí àwọn ọmọ ń wọlé ẹ̀kọ́, ìdajì yòókù yóò tẹ̀ lé e nígbà tí òun bá tà á. Ẹ má ṣe rò pé ìwé sọ ọ́ di olówó lọ́jọ́ kan. Ní ọdún àkọ́kọ́, ó kó kóró sínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti mọ̀ ọ́n pé à ń tọ́jú ohun iyebíye: kí a tì í pa. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan bu. Òun nìkan ni kò béèrè. Gbogbo obìnrin abúlé náà ni ó mọ̀ pé kóró ń fẹ́ atẹ́gùn. Ó pè wọ́n jọ, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀bi mi ni. N kò béèrè lọ́wọ́ yín.” Ó fara mọ́ àdánù náà, ó san owó wọn pé. Ìyá àgbà náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn gbà pé oníṣòwò ni.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó kóró òrí lásán lọ sí ilẹ̀ òkèèrè fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa sọ ọ́ di òrí nílé. Ọ̀pọ̀ tí ó jẹ́ pé kóró nìkan ni wọ́n ń tà ní àdúgbò wa figbe ta. Àwọn obìnrin tiwa kò fò fún ayọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí òfin òjijì kì í ta bá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wà nílẹ̀, wọ́n sì ní ẹni tí yóò ra òrí wọn.

Mo ti gba díplómà mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó sì san ìdá kejì owó rẹ̀, láìsí bọ́ọ̀sì kankan. Nísinsìnyí, kí n tó kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ òwò, mo máa ń rán wọn lọ sí ọjà kí wọ́n lọ tẹ́tí. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń múra ìdánwò, bí ẹ bá bá “owó ìdókòwò” pàdé nínú ìwé, ẹ má ṣe bú u, ó ní ibi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ mọ ojú owó pẹ̀lú. Àwọn kan ń bi mí pé kí ni MBA fi kún ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ó jẹ́ pé lọ́dọ̀ àwọn ìyá abúlé ni ó ti kọ́ òwò. Èsì mi ni pé ilé-ìwé ni ó rán an lọ bá wọn. Láìsí ìbéèrè kan ṣoṣo tí olùkọ́ rẹ̀ kọ sí orí ìwé náà, kò bá má dé abẹ́ àtíbàbà yẹn láéláé.

Mo lọ kí i ní ọdún Iléyá tí ó kọjá. Àpótí onírin náà kò sí lábẹ́ ibùsùn mọ́. Orí tábìlì ni ó wà. Mo ṣí i, mo rò pé aṣọ ológun ni n ó bá níbẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ni ó kún inú rẹ̀, orúkọ ìyá kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀, iye kóró tí ó mú wá, iye tí a san fún un, iye tí ó kù.